Ta ló ba ọmọ yìí jẹ́? Ohun tí ẹ̀kọ́ ìwà Kristẹni àti sosiọ́lọ́jì ń sọ nípa ènìyàn

Ní ìjọ wa, lọ́jọ́ Àìkú kan, ọ̀rọ̀ ọmọ kan tí wọ́n mú nítorí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì dá awuyewuye sílẹ̀ nínú kíláàsì ẹ̀kọ́ Bíbélì. Alàgbà kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ọmọ náà dá, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, kò sẹ́ni tó na ìbọn sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú sosiọ́lọ́jì ní rárá o, àwùjọ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀: kò ríṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gun ọkọ̀ olówó ńlá, ìlú sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìyá ọmọ náà wà láàrin wa. Ó ń tú etí gèlè rẹ̀, ó ń tún un dì, ó tún ń tú u. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé. Ṣé ọmọ mi ló ba ara rẹ̀ jẹ́ ni, àbí èmi, àbí ìlú? Kí n lè mọ ibi tí mo máa gbé ẹkún mi lọ."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Irú àríyànjiyàn yìí kì í tán lórí rédíò, kì í tán lórí ẹ̀rọ ayélujára, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń jiyàn ń dáhùn, tí wọ́n rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Mo fẹ́ tú wọn sọ́tọ̀ níbí, nítorí ìbéèrè ìyá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Kí ni à ń pè ní ẹ̀kọ́ ìwà Kristẹni, kí sì ni sosiọ́lọ́jì?

Ẹ̀kọ́ ìwà Kristẹni ni ìmọ̀ tó ń béèrè ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe, irú ẹni tó yẹ kó jẹ́, àti ìdí rẹ̀. Ó ń fi Bíbélì, ìṣe ìjọ láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì, àti làákàyè wò ó. Ọ̀rọ̀ "yẹ" yẹn ni òpó tó gbé ilé náà dúró.

Sosiọ́lọ́jì ní tirẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀, àti ohun tí ìgbépọ̀ náà ń fi olúkúlùkù wọn dà. Auguste Comte, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé orúkọ náà jáde fáráyé ní àwọn ọdún 1830. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àti ohun tó fà á ni sosiọ́lọ́jì ń wá. Bó bá kan ohun tó yẹ, ó máa ń dákẹ́. Max Weber, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìmọ̀ náà, sọ ọ́ gbangba fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Munich, ní Jámánì, ní 1917: sáyẹ́ǹsì kò lè sọ fún wa ohun tó yẹ ká ṣe àti bó ṣe yẹ ká gbé ayé wa.

Ọ̀rọ̀ náà "ènìyàn" fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò ó nínú ilé. Ọmọ tuntun jòjòló, a ní ènìyàn ni. Obìnrin ló bí i, ó tán. Ọ̀dájú tó lu ìyá rẹ̀, a ní "Èyí kì í ṣe ènìyàn," bẹ́ẹ̀ a rí i tó ń mí, tó ń jẹun. Ẹni tó dé ọ́fíìsì ìjọba tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, á padà wálé, á ní "Mi ò ní ènìyàn." Ìtumọ̀ mẹ́ta rèé lórí ọ̀rọ̀ kan: ènìyàn nípa bíbí, ènìyàn nípa ìwà, àti ènìyàn nípa àwọn tó yí i ká. Nígbà tí alàgbà yẹn àti ọ̀dọ́ yẹn ń jà, alàgbà di ìtumọ̀ kejì mú, ọ̀dọ́ di ìkẹta mú. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó mú un, bẹ́ẹ̀ òun ni ìyá ń sunkún lé lórí.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn, persona. Agọ̀ ojú tí àwọn òṣèré máa ń dé lórí ìtàgé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí eégún rí yóò tètè yé: agọ̀ ní orúkọ tirẹ̀ àti iyì tirẹ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì ní orúkọ tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Tertullian, Kristẹni kan láti Carthage ní àríwá Áfíríkà, mú ọ̀rọ̀ yìí láti fi sọ̀rọ̀ nípa Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí. Ibẹ̀ ni "Ẹni mẹ́ta" tí à ń kà nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Mẹ́talọ́kan ti ṣẹ̀ wá. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kúrò lára agọ̀, ó bọ́ sára ẹni tó gbé e. Onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ṣì ń tẹjú mọ́ agọ̀: bàbá, ọlọ́pàá, pásítọ̀, ìyá ọjà, àti bí agọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ bí a ó ṣe jó. Kristẹni ń béèrè ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kí ni sosiọ́lọ́jì rí lára ènìyàn?

Kò sí ọmọ tó bá ìdọ̀bálẹ̀ wáyé. Ọwọ́ ìyá ló kọ́kọ́ ń tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀: "Kí bàbá. Ó yá, kí bàbá." Tó bá fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àyà rẹ̀ á ti kanlẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó ronú. Ohun tó wà lóde ti wọlé, ó ti di ara. Émile Durkheim, ọmọ Faransé, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé irú nǹkan báyìí: àwọn àṣà, òfin, èdè, tí wọ́n ti wà kí wọ́n tó bí wa, tí wọn yóò wà lẹ́yìn wa, tí wọ́n sì ń tì wá síbí, tì wá sọ́hùn-ún láì jẹ́ pé a fura.

Charles Cooley ní Amẹ́ríkà, ní 1902, fi dígí ṣe àpèjúwe. Ojú àwọn ẹlòmíràn ni dígí tí à ń wò kí a tó mọ bí a ṣe rí. Ọmọ tí tíṣà pè ní olódo ní práìmárì kejì, tí gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, tó délé tí ẹ̀gbọ́n tún un pè, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dẹ́kun nína ọwọ́ sókè. Dígí ti sọ fún un ẹni tó jẹ́. George Herbert Mead, tó jẹ́ olùkọ́ ní Chicago, ní inú eré ni ọmọ ti ń di ẹnìkan. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń fi agolo mílíìkì se iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọ̀kan di ìyá, ó ń fi ohùn ìyá rẹ̀ gan-an bá ọmọlangidi wí. Ó ń kọ́ bí a ti ń fi ojú ẹlòmíràn wo ara ẹni.

Ibi tó le díẹ̀ rèé. Ní 1897 Durkheim gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó gba ẹ̀mí ara wọn ní ilẹ̀ Yúróòpù. Kò sí ohun tó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo tó ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tó wo ìwé àkọsílẹ̀, iye wọn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà láti ọdún dé ọdún. Ó pọ̀ láàrin àwọn Protẹ́sítáǹtì ju àwọn Kátólíìkì lọ, ó sì pọ̀ láàrin àwọn tí kò ṣègbéyàwó ju àwọn tó ṣe é. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn èèyàn nìyí: bí ọkọ̀ kan bá dojú dé, awakọ̀ la ó bi léèrè. Bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá dojú dé ní kọ́nà kan náà, ọwọ́ awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì wà lórí sítíárìn o, àmọ́ a gbọ́dọ̀ lọ wo kọ́nà yẹn.

Àwọn tiwa náà ti wà nídìí iṣẹ́ yìí tipẹ́. Nathaniel Fadipe parí ìwádìí ńlá kan lórí ìgbé ayé Yorùbá fún oyè dókítà ní London ní 1939. Akinsola Akiwowo, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, wá inú ẹsẹ Ifá lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ bí àsùwàdà, àjọbí àti àjọgbé jáde fún àwọn onímọ̀ àgbáyé láti fi ronú: pé ẹ̀dá kì í dá wà, àkójọpọ̀ ló fi ń jẹ́ ẹ̀dá. Àwọn baba wa tí kò rí yunifásítì sì ti ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Pọ́ọ̀lù mímọ́ sọ ohun kan náà fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé ẹgbẹ́ búburú a máa ba ìwà rere jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwùjọ jẹ́ àjèjì sí ìgbàgbọ́.

Kí ni ẹ̀kọ́ Kristẹni rí lára ènìyàn kan náà?

"Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá ènìyàn ní àwòrán rẹ̀, ní àwòrán Ọlọ́run ni ó dá a, àti akọ àti abo ni ó dá wọn." A ti ka ẹsẹ yìí títí kò fi ya wá lẹ́nu mọ́. Ó yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ní Íjíbítì àti Asíríà ayé àtijọ́, ọba ni wọ́n máa ń pè ní àwòrán òrìṣà. Ẹrú kì í ṣe é, obìnrin tó ń lọ ọkà kì í ṣe é. Jẹ́nẹ́sísì gba oyè ọba yẹn, ó fi dé gbogbo ènìyàn lórí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò ní kí ènìyàn kọ́kọ́ hùwà dáadáa kó tó gbà á, kò sì béèrè pé ọmọ ta ni.

Ní ọ̀rúndún kẹrin, bíṣọ́ọ̀bù kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, Gregory ti Nyssa, mú ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tí ọ̀pọ̀ kò fẹ́ kó dé. Nínú ìwàásù rẹ̀ ó dojú kọ àwọn tó ń ra ẹrú: èló ni ẹ díye lé àwòrán Ọlọ́run? Ó dùn mí pé ìjọ kò gbọ́ tirẹ̀, pé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn náà àwọn tó ń pe orúkọ Kristi ṣì ń ra ènìyàn, wọ́n ń tà á.

Àwa ní ẹ̀rí tiwa. Ní 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin. Ẹ ro ìyẹn wò: ẹṣin níbí, ọmọ níbẹ̀, àwọn àgbàlagbà méjì tó ń wo eyín àwọn méjèèjì. Ní 1822 ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ó dé Sàró (Sierra Leone), wọ́n rì í bọmi ní 1825, ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù: Samuel Àjàyí Crowther. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin wà lára ọwọ́ tó gbé Bíbélì wá sí èdè wa. Bí iye ènìyàn bá jẹ́ ohun tí àwùjọ gbà pé ó tó, ẹṣin kan ni Àjàyí ní 1821, ó tán. Ẹ̀kọ́ Kristẹni ní àwùjọ yẹn ṣìrò ni, iye rẹ̀ kò fi ìgbà kankan jẹ́ iye ẹṣin.

Síbẹ̀ náà, ìtàn Crowther ní ìparí tí onímọ̀ sosiọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ bá wa kà. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dojú ìjà kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí Odò Ọya, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dànù. Ó kú lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Bíbélì kan náà ni gbogbo wọn ń kà. Àmọ́ èrò ìgbà yẹn nípa àwọ̀ ara ti wọ̀ wọ́n lára bí ìdọ̀bálẹ̀ ti wọ ọmọ wa, wọn kò sì fura.

Ṣé ìjọ ń sọ pé olúkúlùkù kàn ń yan tirẹ̀ ni?

Ibí ni alàgbà wa ti ṣìnà díẹ̀. Onísáàmù ní nínú ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyá òun lóyún òun. Ohun tí ìjọ ń fà yọ níbẹ̀, pàápàá láti ìgbà Augustine, bíṣọ́ọ̀bù kan ní àríwá Áfíríkà àtijọ́, ni pé a bí ọmọ sínú ayé tó ti tẹ̀ kó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Ìyẹn kò jìnnà sí ohun tí Durkheim ń wí. Àmọ́ ẹ wo Ìsíkíẹ́lì orí 18. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń pòwe pé àwọn baba jẹ èso àjàrà kíkan, eyín àwọn ọmọ sì kan. Ọlọ́run ní wọn kò gbọ́dọ̀ pa òwe yẹn mọ́. Ọkàn tó bá ṣẹ̀ ni yóò kú. Bíbélì fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú ìwé kan, kò sì fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì ló lè là á yé wa: ìdí àti àwáwí. Bí mo bá sọ ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀, mo ṣàlàyé. Bí mo bá ṣe àwáwí, mo fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Sosiọ́lọ́jì tó dára máa ń fún wa ní ìdí. Ọ̀dọ́ wa yẹn gbé ìdí, ó sọ ọ́ di àwáwí. Alàgbà gbọ́ ìdí, ó rò pé àwáwí ni, ó sì bínú. Mímọ ọ̀nà tí ẹnìkan gbà kò pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́.

Ìdí tún ní iṣẹ́ mìíràn: ó lè fi ẹ̀bi hàn níbi tí a kò wò. Ní 1987 Póòpù John Paul Kejì kọ̀wé nípa ètò ẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan àti ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn bá ń lẹ̀ mọ́ra títí tó fi di ilé tí gbogbo wa ń gbé. Mo mọ ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní ìkórè wa ọdún tó kọjá, ọ̀dọ́ kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25 dìde, ó dá owó tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò dá rí. Wọ́n gbé àga wá sí iwájú fún un. Kò sẹ́ni tó bi í pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe. Ọmọ ìyá tí mo ń sọ yìí wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó ń wò. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ibi tí ẹ̀kọ́ méjèèjì ti yapa lóòótọ́ ni orísun iyì. Ní 1898, nígbà tí ilẹ̀ Faransé ń jà lórí ọ̀rọ̀ Dreyfus, ológun Júù tí wọ́n dá lẹ́bi èké, Durkheim kọ̀wé pé ènìyàn ti di ohun mímọ́ láyé òde òní, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Àmọ́ lójú tirẹ̀, àwùjọ ló sọ ènìyàn di mímọ́. Ohun tí àwùjọ bá fún ni, àwùjọ lè gbà á padà. Èmi kò lè gba ti Durkheim níbí, Àjàyí àti ẹṣin yẹn ló sì ń dí mi lọ́wọ́.

Ǹjẹ́ ẹnìkan ti gbé méjèèjì dání rí?

Martin Luther King, tí wọ́n bí ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ní 1929, ọmọ pásítọ̀ ni. Ọmọ ọdún 15 ló wọ Morehouse College, sosiọ́lọ́jì ló sì fi gboyè níbẹ̀ ní 1948. Ẹ̀yìn ìyẹn ló lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn, ó gba oyè dókítà ní Boston ní 1955. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti di aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú Montgomery tí wọ́n kọ̀, tí wọn kò wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ 381, nítorí òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun nínú bọ́ọ̀sì.

Ní April 1963 wọ́n tì í mọ́lé ní Birmingham nítorí ìwọ́de. Àwọn aṣáájú ìsìn aláwọ̀ funfun mẹ́jọ sọ nínú ìwé ìròyìn pé ìwọ́de yìí kò bọ́gbọ́n mu, àkókò rẹ̀ kò sì tíì tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì sí etí ìwé ìròyìn náà nínú àtìmọ́lé. Níbẹ̀ ló ti sọ nípa ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tó rí ìpolówó ọgbà ìṣeré kan lórí tẹlifíṣọ̀n, tó béèrè ìdí tí òun kò fi lè lọ. Bàbá ní láti sọ fún un pé wọn kì í jẹ́ kí ọmọ dúdú wọ ibẹ̀. Omi lé róro sí ojú rẹ̀. Bàbá sì rí i tí èrò pé òun kéré ṣe ń kóra jọ bí òjò dúdú nínú ọkàn ọmọ náà. Dígí Cooley rèé, ní ojú ọmọ ọdún mẹ́fà.

Akẹ́kọ̀ọ́ sosiọ́lọ́jì tó wà nínú King ló rí i pé òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ń fún ẹnìkan ní ìgbéraga èké, ó ń fún èkejì ní ìtìjú èké. Pásítọ̀ ló wá sọ pé nítorí náà, òfin náà kò tọ́, torí òfin èyíkéyìí tó bá ń rẹ ènìyàn sílẹ̀ kò tọ́. Ó pe Augustine àti Thomas Aquinas, àgbà onímọ̀ ìsìn Kristẹni, láti wá jẹ́rìí. Ká ní sosiọ́lọ́jì nìkan ló ní, ì bá dúró sórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ká ní ìwàásù nìkan ni, ó ṣeé ṣe kó kàn ní kí ọmọ náà máa gbàdúrà. King mọ ibi tí ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun ti kọ́ ìkórìíra, ìyẹn kò mú kó dá a láre, kò sì mú kó pè é ní ẹranko.

Ní February 1968, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Memphis, àwọn akólẹ̀kólẹ̀ méjì sá sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ tó ń fún ìdọ̀tí pọ̀ ṣàdédé ṣiṣẹ́, ó fún wọn pa. Bíi 1,300 òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ti ń pe bàbá olórí ewú ní "ọmọdékùnrin," pátákó tí wọ́n gbé kọ́rùn kò ní ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ: ọkùnrin ni mí, ènìyàn ni mí. Ìdí ọ̀rọ̀ wọn ni King wà ní Memphis nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní April 4.

Kí ni mo wá sọ fún ìyá náà?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn kíláàsì yẹn, mo bá a gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lójú ọ̀nà, mo ní, "Mà, ọmọ yín ló jẹ̀bi ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó lù ní jìbìtì náà ní ìyá. Ó gbọ́dọ̀ dá owó rẹ̀ padà, kó sì bẹ̀ ẹ́." Ó mi orí. Mo ní ìlú ní ìpín tirẹ̀, ìjọ ní ìpín tirẹ̀, mo sì sọ ọ̀rọ̀ àga ìkórè yẹn fún un. Ó wò mí tìtì, ó ní, "Mo rí i lọ́jọ́ náà. Mo rí ojú ọmọ mi bó ṣe ń wo àga yẹn. Mi ò sọ nǹkan kan." A kò tún sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibẹ̀.

Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà kọjú sínú, ó kígbe pé, "Ẹ̀yin jìbìtì!" Ọmọkùnrin mẹ́rin dìde lórí ilẹ̀, orí gbogbo wọn wà nílẹ̀, n kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìyá gbé abọ́ kalẹ̀, ó di irin wíńdò mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀: oríkì tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn náà ti bàbá rẹ̀, ti bàbá bàbá rẹ̀, títí dé orílẹ̀ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà gbé ojú sókè.